Bí A Ṣe Ń Gbin Ìdò sí Àyíká Ilé ní Èkìtì, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Láti Ọdún dé Ọdún

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní ìlú Òyìnbó fi kóró òdòdó kan ránṣẹ́ sí mi ní Adó-Èkìtì. Àwòrán òdòdó aláwọ̀ búlúù kan, tí etí rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ló wà lára páálí rẹ̀. Centaurea montana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, àwọn òkè gíga tó wà ní àárín àti gúúsù ilẹ̀ Yúróòpù sì ni ilé rẹ̀. Mo gbìn ín, ó hù, ó yọ ewé mẹ́rin-mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn oṣù Èrèlé dé, gbogbo rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná, kò sì gbérí mọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Òdòdó tó máa ń sùn nínú òtútù fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún kí ó tó tún jí ni, irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní Èkìtì, àní ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè pàápàá tí a máa ń yin afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti yíjú sí òdòdó kan tó ń ṣe níhìn-ín gbogbo ohun tí ti Òyìnbó yẹn ń ṣe nílé tirẹ̀. Ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé a tún un gbìn, abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ó ń bímọ sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ kí a gé òun lẹ́yìn tí òun bá ti tanná tán, ó sì fẹ́ kí a tú òun pín lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìdò ni orúkọ rẹ̀. Canna indica ni àwọn onímọ̀ ń kọ. Apá ibi tí oòrùn ti mú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àlejò ni. Ẹni tó bá gbé abúlé rí yóò ti bá a pàdé lẹ́yìn balùwẹ̀ tàbí létí ààtàn: ewé rẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì dàgbà, òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ara èso rẹ̀ rí ṣákiṣàki, kóró inú rẹ̀ sì dúdú, ó rí roboto, ó le bí ọta ìbọn. Kóró yìí ni wọ́n ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń dà sínú ohun tí a ń mì kí ó lè máa dún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín mọ̀ kí ó tó gbé ọkọ́ ni pé ìdò kì í kú nítorí àìtọ́jú. Igbó ló máa ń dà. Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe bí a ó ṣe mú un hù, nítorí pé yóò hù. Bí a ó ṣe máa gé e àti bí a ó ṣe máa pín in ni iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáwọ́.

Yíyan ibi tí a ó gbìn ín sí

Ibi tí oòrùn ti ń ta fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lóòjọ́ ni kí a wá. Lábẹ́ igi máńgòrò tàbí lẹ́yìn ògiri tí kì í rí oòrùn, ìdò yóò yọ ewé títí, ṣùgbọ́n yóò máa ṣe ahun òdòdó. Ó fẹ́ràn omi ju ọ̀pọ̀ òdòdó lọ, nítorí náà, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó fara jọ àkùrọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ kò ti ní ṣe dáadáa, ibẹ̀ ló yẹ kí ó fi fún ìdò. Ọgbọ́n ni àwọn ìyá wa lò tí wọ́n fi ń gbìn ín sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú omi ẹlẹ́gbin pàápàá ń lo ìdò láti sẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀ lónìí, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń mu púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú omi náà. Omi tí a da oògùn apakòkòrò tàbí bílíìṣì púpọ̀ sí nìkan ni kí a má ṣe darí síbẹ̀.

Ní Adó àti ní Ìkéré, níbi tí àwọn àpáta ńlá ti yí ilé ká, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa líle ni ọ̀pọ̀ wa ní láyìíká. Ìyẹn kò burú, bí a bá ti lè gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn tó ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà, kí a ṣa òkúta inú rẹ̀, kí a sì po ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ pàǹtí tó ti jẹrà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú ilé adìyẹ yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Kí a jẹ́ kí ó wà nínú àpò fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí tí kò fi ní rùn mọ́, tí yóò sì máa fọ́ lọ́wọ́ bí ilẹ̀ gidi.

Kí a jìnnà sí ògiri ilé tó ìdajì mítà, nítorí pé ìdí rẹ̀ ń gbòòrò lọ́dọọdún. Ní ti ewúrẹ́, kò sí ẹni tó ń gbé Èkìtì tí mo ní láti ṣàlàyé fún. Ewé ìdò dùn lẹ́nu wọn, òru ọjọ́ kan ṣoṣo sì tó fún méjì péré láti sọ ohun tí a tọ́jú fún oṣù mẹ́ta di kùkùté. Bí ilé kò bá ní fẹ́ǹsì, kí a kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí i ká kí a tó gbìn ín.

Iṣu rẹ̀ ni kí a gbìn, bí a bá rí i

Ohun tó wà lábẹ́ ìdò jọ atalẹ̀ ńlá: ó nípọn, ó ní oríkèé, ó sì ní ojú tó ṣẹnu ṣóńṣó, níbi tí ọmọ tuntun yóò ti yọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní Vietnam, wọ́n ń fi sítáàṣì inú rẹ̀ ṣe oúnjẹ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí núdù. Èkìtì tó ní iyán kò ní nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣu ni a ó lò láti gbìn ín.

Ìgbà tó dára jù láti gbìn ín ni ìparí oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Èbìbí, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta tí ilẹ̀ sì ti rọ̀. Ẹni tó bá ti gé ẹ̀bù iṣu rí ti mọ iṣẹ́ yìí dé ìdajì. A ó fi ọ̀bẹ mímú gé e sí ègé, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tàbí mẹ́ta tó yè kooro. A ó fi eérú tí kò gbóná mọ́ pa ojú ibi tí a gé, a ó sì tẹ́ wọn síbi tí oòrùn kò sí fún ọjọ́ kan sí méjì kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ. Ègé tí a bá gbìn pẹ̀lú ọgbẹ́ tútù nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ lè jẹrà kí ó tó hù.

Lẹ́yìn náà, a ó gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, a ó tẹ́ ègé náà sínú rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, a ó sì da ilẹ̀ bò ó láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Kí ihò kan jìnnà sí èkejì tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ojú ẹni yóò máa sọ pé àyè náà ti pọ̀ jù, yóò sì máa wu ẹni láti ti mìíràn sáàárín. Kí a má gbọ́ tirẹ̀. Kò ní ju ọdún kan lọ tí àyè náà yóò fi kún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ewé àkọ́kọ́, tó ká bí ẹní, yóò yọrí. Ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, òdòdó yóò bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí a ti ń ra iṣu rẹ̀, kí a ṣọ́ra gidigidi. Nígbà kan, mo ra ìdí mẹ́fà lọ́wọ́ olódòdó kan lẹ́bàá títì nílùú wa, torí pé òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, ó sì ní tótòtó pupa tó wù mí. Mo ti rí i pé ìlà funfun tó rẹ̀ dòdò wà lára ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ni. Àrùn ni. Kó tó di pé òjò parí, ìlà yẹn ti wà lára gbogbo ìdò tí mo ní, títí kan àwọn pupa àtijọ́ tí ìyá mi gbìn. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fa omi ewé ló ń gbé àrùn náà kiri. Ọ̀bẹ tí a fi gé èyí tó ń ṣàìsàn tí a sì tún fi gé èyí tí ara rẹ̀ le náà ń gbé e. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Gbogbo rẹ̀ ni mo hú, tí mo sì sun. Nítorí náà, kí a wo ewé dáadáa kí a tó sanwó. Bí ìlà tó rẹ̀ dòdò bá ń bá àwọn iṣan ewé lọ láti àárín dé etí, tí etí ewé sì ń ká kò tàbí tó ń gbẹ, kí a fi í sílẹ̀, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ lẹ́wà tó. Ní tòótọ́, àwọn irú kan wà tí ewé wọn ní ìlà nípa ẹ̀dá, ṣùgbọ́n ìlà tiwọn máa ń mọ́ kedere, ó sì máa ń rí bákan náà lára gbogbo ewé.

Bó bá jẹ́ kóró la rí

Kóró ìdò kò ní hù bí a bá kàn sọ ọ́ sílẹ̀ bí àgbàdo. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ohun kan tó ṣe é. Èèpo rẹ̀ le débi pé omi kò lè wọ inú rẹ̀. A ó fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá há a ní ojú kan ṣoṣo, títí tí funfun inú rẹ̀ yóò fi hàn, kí a má sì jẹ́ kí ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí 24. Èyí tó bá wú ni yóò hù. Èyí tó bá ṣì rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí a tún fáìlì rẹ̀ kí a sì tún rẹ ẹ́. A ó wá gbìn wọ́n sínú ike tó ní ihò nídìí, kí kóró náà wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni wọn yóò hù.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn nípa líle èèpo yìí, àwọn onímọ̀ ti ròyìn kóró ìdò kan tí wọ́n rí ní Santa Rosa de Tastil, ní orílẹ̀-èdè Ajẹntínà, nínú èèpo èso kan tí àwọn ará àtijọ́ fi ṣe ohun tí wọ́n ń mì nínú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó ti tó nǹkan bí 600 ọdún, síbẹ̀ ó hù.

Ìṣòro kóró ni pé kóró àwọn ìdò tuntun tí a ti da irú wọn pọ̀, àwọn tí òdòdó wọn tóbi, tó yẹ́lò tàbí tó ní àwọ̀ ọsàn, kì í mú ọmọ tó jọ ìyá jáde, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní so kóró rárá. Ìdò pupa ti àtijọ́ ni ọmọ rẹ̀ máa ń jọ ọ́.

Omi àti oúnjẹ rẹ̀

Láti ìgbà tí òjò bá ti múlẹ̀ títí di oṣù Ọ̀wàrà, òjò Èkìtì tó fún un. Ọ̀sẹ̀ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù Ògún nìkan ni kí a máa ṣọ́. Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká sínú lọ́sàn-án tí kò sì tú ká di ìrọ̀lẹ́, kí a bu korobá omi kan sí ìdí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ó ń jẹun púpọ̀. Ìwọ̀n agbè kékeré kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, tí a tẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká ní oṣù Igbe àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Agẹmọ, ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ lo ajílẹ̀ òyìnbó 15-15-15, ṣíbí ìjẹun kan fún ìdí kan ni, kí ó sì jìnnà sí igi rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ní tèmi, n kì í lò ó. Ìdò tó bá jẹ ẹ́ yó máa ń ga fíofío, ìjì àkọ́kọ́ ló sì máa ń dá a lulẹ̀.

Gígé rẹ̀

Igi ìdò kan kì í tanná lẹ́ẹ̀mejì láti ibì kan náà. Ọ̀mùnú rẹ̀ yóò yọ ṣóńṣó òdòdó kan. Àwọn òdòdó orí rẹ̀ yóò máa là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì ti rẹ̀ yóò di ohun rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ewé, tí yóò sì máa pa àwọ̀ sí ẹni lọ́wọ́. Bí gbogbo ṣóńṣó náà bá ti parí, kí a má tíì gé igi náà lulẹ̀. Kí a tẹ̀ mọ́ ọn, kí a fi ìka tọ ara rẹ̀ láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀: ní oríkèé àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, níbi tí ewé ti so mọ́ igi, ìka yóò kan kókó kékeré kan tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ara igi lọ. Òdòdó kejì nìyẹn. Òkè ibẹ̀ gan-an, ní ìwọ̀n orí ìka, ni kí a gé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí náà yóò là.

Nígbà tí ìka kò bá tún kan kókó kankan mọ́, iṣẹ́ igi yẹn ti parí pátápátá, bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bẹ́ ìdì rẹ̀. Kí a gé e mọ́ ilẹ̀. Àánú tí a bá ń ṣe fún ewé rẹ̀ tó ṣì tutù ni ó ń sọ ìdò di igbó: igi tó ti parí iṣẹ́ yóò máa ṣíji bo àwọn ọmọ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ náà yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò ní tanná. Bí a bá ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti oṣù Òkúdù títí dé oṣù Bélú ni òdòdó kò ní tán níbẹ̀. Aládùúgbò mi kan tí kì í fẹ́ gé tirẹ̀ ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ejò ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bóyá ejò wà níbẹ̀ o, bóyá kò sí, ibi tó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo bá a gé e, ó sì kó ju ìdajì ewé náà lọ sínú ihò pàǹtí rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kóró, kí a fi ṣóńṣó kan tàbí méjì sílẹ̀ láìgé. Ẹni tó bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ so, òdòdó rẹ̀ yóò dín kù.

Ohun tí ń bá a jà

Ìgbín ni ọ̀tá àkọ́kọ́ nígbà òjò. Ihò tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí ewé kan jẹ́ àmì pé ìgbín tàbí kòkòrò kan ti jẹ ewé náà nígbà tó ṣì ká. Òru ni kí a fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n. Èyí tó bá tóbi, a mọ ibi tí a ń gbé e lọ. Kòkòrò kan tún wà tó máa ń fi òwú ara rẹ̀ so ewé pọ̀, tí yóò sì máa jẹun nínú rẹ̀. Kí a tú ewé náà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ pa. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tata yóò dé. Òwúrọ̀ kùtù, tí òtútù kò tíì jẹ́ kí ara wọn yá, ni ó rọrùn jù láti gbọ̀n wọ́n sínú korobá omi ọṣẹ.

Bí àmì aláwọ̀ ọsàn bá wà lẹ́yìn ewé, tó ń kùn sí ẹni lọ́wọ́ bí irin tó dógùn-ún, kí a gé ewé wọ̀nyẹn kúrò, kí a sun wọ́n, kí a sì dín ìdí náà kù kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo sọ ṣáájú, n kì í gbé ọ̀bẹ láti ìdí ìdò kan lọ sí òmíràn láì kọ́kọ́ fi í la iná kọjá.

Nígbà ọ̀yẹ́

Láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Èrèlé, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó ní kànga tí omi inú rẹ̀ kì í gbẹ lè máa bomi rin ín, òdòdó yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀yẹ́ yóò fa ewé rẹ̀ ya. Àwa yòókù, tí omi tí a óò sè pàápàá jẹ́ ohun tí à ń rà nígbà yẹn, kí a jẹ́ kí ó sùn. A ó gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìwọ̀n 15 sẹ̀ǹtímítà, a ó fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ìdò fúnra rẹ̀ bo ìdí rẹ̀, a ó sì ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ dáadáa kí iná igbó má baà ráyè dé ibẹ̀. Ojú ilẹ̀ yóò rí bí ẹni pé ohun gbogbo ti kú. Iṣu abẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Títú u pín

Ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, a ó rí i pé àárín ìdí ìdò ti ṣófo, pé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ọmọ ti ń yọ, àti pé òdòdó rẹ̀ ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Kí a tú u ní oṣù Ẹrẹ́nà, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, nígbà tí ojú tuntun kò tíì gùn ju ìka lọ. Kí a má ṣe sọ ọkọ́ sí àárín rẹ̀. Láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí rẹ̀ ni kí a ti máa gbẹ́ yí i ká, kí a wá fi ọ̀pá irin tì í láti abẹ́ títí yóò fi dìde lódindi. Ó wúwo; ènìyàn méjì ló yẹ kí ó gbé e. Kí a da omi sí i kí ilẹ̀ ara rẹ̀ lè ṣí, oríkèé rẹ̀ yóò sì hàn kedere. Èyí tó wà láàárín, tó dúdú, tó fúyẹ́, tí kò ní ojú, kí a sọ ọ́ sí ààtàn. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wúwo tí awọ wọn sì mọ́, ni a ó gé bí ẹ̀bù, bí mo ti ṣàlàyé.

Ìdí kan lè mú ègé mẹ́jọ sí mẹ́wàá wá, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí a ó dá a padà sí kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tí a fi omi wọ́n dì í, kí a tò ó sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kì í ṣe nínú ọ̀rá, kí a sì kọ àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi tèmi ránṣẹ́ sí Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò lọ́dún tó kọjá. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó di gbígbìn, bí ẹni tó gbà á bá rántí láti máa wọ́n omi díẹ̀ sí i lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.